Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ Tẹ́mọ́sítáàtì Mọ́tò Yín Dànù

Nínú gbogbo nǹkan tó wà lábẹ́ bóńẹ́ẹ̀tì mọ́tò, kò sí èyí tí wọ́n ń fi ìyà jẹ láìṣẹ̀ láìrò nílùú wa tó tẹ́mọ́sítáàtì. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Owó rẹ̀ kò sún mọ́ owó táyà kan. Síbẹ̀, bí mọ́tò bá ti gbóná jù lẹ́ẹ̀kan péré, òun ni mẹkáníìkì máa kọ́kọ́ fà yọ, á jù ú sórí òkìtì irin tó wà lẹ́yìn wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù, á wá sọ fún ẹni tó ni mọ́tò pé: "Màmá, ìlú oyìnbó ni wọ́n ṣe nǹkan yìí fún o, nítorí òtútù wọn. Ilẹ̀ tiwa ti gbóná tẹ́lẹ̀, a ò nílò ẹ̀." Ẹni tó ni mọ́tò á mi orí, á sanwó iṣẹ́, á wa mọ́tò lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì n'Íbàdàn, Toyota Corolla 2005 ni mo sì ń wà. Nígbà tí tẹ́mọ́sítáàtì rẹ̀ bà jẹ́, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ bá mi yọ ọ́ dànù, mo gba kọ́kọ́rọ́ mi, mo wa mọ́tò mi padà sílé, mo sì fi ọwọ́ ara mi pààrọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà wa. Mi ò bá àwọn mẹkáníìkì jà. Ohun tí ọ̀gá kọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, ohun tí ọ̀gá ọ̀gá náà sì kọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó epo wa ni àṣà yìí ń jẹ, ẹ́ńjìnì wa ló sì ń pa, ó sì ń dùn mí nígbàkígbà tí mo bá rí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ooru ìlú. Nínú oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, nígbà tí oòrùn Ìbàdàn bá mú gan-an, ooru ìta lè tó dígírì 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú sìlíńdà, níbi tí epo ti ń jó, ooru máa ń kọjá 2,000 ní kété tí iná bá ṣẹ́. Omi tó ń yí ẹ́ńjìnì ká wà láàárín méjèèjì, ibi tí àwọn tó ṣe é sì fẹ́ kó máa wà ni nǹkan bíi 80 sí 95. Ẹ yọ 35 kúrò nínú 85, ẹ ó rí i pé 50 ló kù. Lójú ẹ́ńjìnì, òtútù ni ooru tiwa náà. Ẹ́ńjìnì kàn máa ń tètè gbóná dé ibi tó yẹ n'Íbàdàn ju bó ṣe ń ṣe ní London lọ ni.

Kí ló dé tí ẹ́ńjìnì fi ń fẹ́ ooru? Nínú agbára tó wà nínú epo bẹntiróòlù tí à ń rà, kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ tó ń di agbára tó ń yí táyà. Bí ìdá kan ń bá èéfín jáde. Ìyókù ń wọ irin ẹ́ńjìnì lára, omi ló sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí redíétọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbà á. Bí omi kò bá gbé e tó, irin á wọ́, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì á jó. Bí omi bá gbé e jù, epo kò ní jó dáadáa, ọ́ìlì kò ní ṣàn bó ṣe yẹ, omi tó ń ti ara epo jíjó wá kò sì ní rí ooru gbé e lọ. Á rọ̀ sínú ọ́ìlì, á sì sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Tẹ́mọ́sítáàtì ló ń ṣọ́ ìwọ̀n yìí.

Bó ṣe ń ṣe é dára púpọ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ọmọ iléèwé rí i. Agolo bàbà kékeré kan ló wà láàárín rẹ̀, ìda ni wọ́n rọ sínú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Sergius Vernet ló gbé irú oní-ìda yìí jáde ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930, ọgbọ́n rẹ̀ náà la ṣì ń lò dòní. Ẹ wo òrí tó wà nínú igbá: nígbà ọyẹ́ á dì gbagidi, bí oòrùn bá sì pa á, á yọ́ di òróró. Bẹ́ẹ̀ ni ìda yìí ń ṣe, àmọ́ wọ́n ti pò ó kó lè máa yọ́ ní ìwọ̀n ooru tí wọ́n fẹ́ gan-an. Ti Corolla mi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín dígírì 80 sí 84. Bí ìda bá ti yọ́, á fẹ̀. Wọ́n sì ti dí agolo náà pa, kò sí ibi tó máa fẹ̀ sí, nítorí náà agbára fífẹ̀ yẹn á ti ìdérí ṣí, omi á sì kọjá lọ sí ẹnu iṣẹ́. Bí omi bá tún tutù, ìda á dì, sípíríìnì á sì ti ìdérí náà padà. Kò lo iná bátìrì, kò sì dúró de àṣẹ kọ̀ǹpútà kankan.

Ibi tí yíyọ rẹ̀ ti burú jù ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Nínú ẹ́ńjìnì Corolla 2003 sí 2008, èyí tí wọ́n ń pè ní 1ZZ-FE, ọ̀nà méjì ni omi lè gbà padà dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Ọ̀kan gba inú redíétọ̀. Èkejì jẹ́ ọ̀nà àbùjá tí kò dé redíétọ̀ rárá, inú ẹ́ńjìnì ló ti jáde, inú ẹ́ńjìnì náà ló ń padà sí. Láàárọ̀, tẹ́mọ́sítáàtì á ti ọ̀nà redíétọ̀ pa, á sì fi ọ̀nà àbùjá sílẹ̀ ní ṣíṣí kí ẹ́ńjìnì lè tètè gbóná. Bí ooru bá ṣe ń gòkè, bó ṣe ń ṣí ti redíétọ̀ náà ni àwo kékeré kan tó wà ní ìdí rẹ̀ á máa ti ti àbùjá pa. Àwo kékeré yìí ni wọn kì í rò mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti fa tẹ́mọ́sítáàtì yọ, kò sí ohun tó máa ti ọ̀nà àbùjá mọ́. Lórí ẹsipirẹ́ẹ̀sì tí atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ́ńjìnì á tutù jù. Nínú gósílóò Ìwó Road, lọ́sàn-án gangan, tí AC wà lẹ́nu iṣẹ́, apá kan omi gbígbóná náà á máa yí po nínú ẹ́ńjìnì nígbà tó yẹ kí gbogbo rẹ̀ dé redíétọ̀. Ohun tí wọ́n yọ kí mọ́tò má bàa gbóná á wá di ohun tó ń jẹ́ kó gbóná. Toyota fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àtúnṣe pé ẹ má yọ tẹ́mọ́sítáàtì, bí ẹ́ńjìnì tilẹ̀ ń gbóná jù, nítorí pé yíyọ rẹ̀ ń dín agbára ìtutù kù ni.

Ọ̀rọ̀ epo ńkọ́? Sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń wọn ooru omi, òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà mọ́tò bí ara ẹ́ńjìnì ṣe rí. Bí kọ̀ǹpútà bá gbọ́ pé ẹ́ńjìnì ṣì tutù, á máa fi epo kún epo. Mọ́tò tí kò ní tẹ́mọ́sítáàtì lè sáré gba ojú ọ̀nà Ṣágámù lọ, kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì máa bá a lò bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí i láàárọ̀ ni. Bó bá yá, iná "check engine" á tàn; bí wọ́n bá fi sìkánnà wò ó, P0128 ló máa gbé jáde, ìyẹn ni pé omi ẹ́ńjìnì kò gbóná dé ibi tó yẹ kí tẹ́mọ́sítáàtì gbé e dé. Ní ayé Peugeot 504, tí wọ́n ń tò ní Kaduna láti 1975, kábúrétọ̀ ló ń fún ẹ́ńjìnì lépo, kò sí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni máa ṣì lọ́nà. Èrò tèmi ni pé ayé ìgbà náà ni àṣà yíyọ ọ́ ti wá. Mọ́tò ti yí padà, àṣà kò yí.

Àmọ́ o, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ rí i dájú pé tẹ́mọ́sítáàtì ló ń ṣe mọ́tò yín. Bí fáànù redíétọ̀ kò bá yí, bí redíétọ̀ bá ti dí, bí pọ́ǹpù omi bá ń jò, bí èéfín funfun bá ń jáde láì dáwọ́ dúró, tí omi sì ń tán láìsí ibi tó ń jò, ẹ wá ìdí ìyẹn lọ́tọ̀. Wọn a máa yọ tẹ́mọ́sítáàtì láti fi bo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa lápálápá. Àmì ti tẹ́mọ́sítáàtì gan-an kò ṣòro mọ̀. Bó bá há ní títì, ọwọ́ géèjì á sáré gòkè láìpẹ́ tí ẹ ṣáná, họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ redíétọ̀ á sì tutù nígbà tí ẹ́ńjìnì ti gbóná janjan. Bó bá há ní ṣíṣí, tàbí tí wọ́n ti yọ ọ́, ọwọ́ géèjì kì í fẹ́ dé ibi tó máa ń dúró sí, pàápàá bí ẹ bá wà lórí eré. Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì, ẹ ṣọ́ra fún fáànù, torí ó lè gbéra nígbàkígbà.

Ọjà Àràrọ̀mí ní Gate ni mo ti ra tèmi; àwọn ará Èkó ní Ládìpọ̀. Tuntun ni kí ẹ rà, ẹ má ra tòkunbọ̀, nítorí kò sí bí ojú ṣe lè mọ iye ìgbà tí ìda inú rẹ̀ ti yọ́ tó sì ti dì. Bí irú Corolla tèmi ni ẹ ní, ẹ wá nọ́ńbà 82 lára irin rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ooru tó máa ń ṣí. Ẹ ra rọ́bà tó ń yí etí rẹ̀ ká mọ́ ọn, bí kò bá sí nínú páálí.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò kí ó tó wọ inú mọ́tò. Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ràn jù, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa kì í sì í ṣe é. Mo gbé ìkòkò àlúmíníọ́mù àtijọ́ kan tí a kì í fi se oúnjẹ mọ́ ka gáàsì, mo fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so tẹ́mọ́sítáàtì rọ̀ sínú omi, kó má kan ìdí ìkòkò, mo sì ki tẹmómítà láàbù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi dúró tì mí. Omi dé 60, irin náà kò mira. Ó dé 75, kò mira. Ó ku díẹ̀ kó pé 82 ni ìlà dúdú kan yọ láàárín ìdérí àti etí rẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ẹni tí kò bá tẹjú mọ́ ọn kò ní rí i. Ọmọ náà pariwo pé, "Àǹtí, ó ti ń ṣí o!" Ìlà náà ń fẹ̀, ìdérí ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, sípíríìnì ń kákò, nígbà tí omi fi máa dé 95, ẹnu rẹ̀ ti là tó sẹ̀ǹtímítà kan. A pa gáàsì, a sì ń wò ó bó ṣe ń pa ẹnu rẹ̀ dé padà.

Ẹni tí kò bá ní tẹmómítà, kó fi ọwọ́ ṣí ìdérí náà díẹ̀, kó ki òwú ìránṣọ sí i, kó jẹ́ kó há òwú náà, kó wá fi òwú yẹn gbé e rọ̀ sínú omi. Bó bá ṣí, á bọ́ lára òwú, á jábọ́ sísàlẹ̀ ìkòkò. Èyí tí kò bá tíì jábọ́ nígbà tí omi ń hó kùù, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le, ó kàn há ni. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò sùn mọ́jú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Èèwọ̀ ni kí ẹ ṣí ìdérí redíétọ̀ nígbà tó bá gbóná: agbára tí ìdérí yẹn há mọ́ inú ló ń jẹ́ kí omi kọjá 100 láì hó, bí ẹ bá sì tú u, gbogbo rẹ̀ á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì bú jáde. Mo mọ awakọ̀ takisí Míkírà kan tí awọ apá rẹ̀ bó láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ nítorí pé èrò ń kán an lójú. Láàárọ̀ tó ti tutù, ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ òdì, ẹ gbé bàsíà sábẹ́ redíétọ̀, kí ẹ sì tú kọ́kì kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kọ́kì yẹn, ike ni, ọwọ́ lásán tó o. Púláyà máa ń kán an. Gbogbo omi inú ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE yìí tó bíi lítà 6 àti ààbọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa jáde.

Ní iwájú ẹ́ńjìnì ni ilé tẹ́mọ́sítáàtì wà, alternator ló sì bò ó. Ìwé àtúnṣe ní kí ẹ tú alternator kúrò. Kí ẹ tó yọ bẹ́líìtì, ẹ fi fóònù ya fọ́tò bó ṣe gba ara àwọn púlì, torí yíyí rẹ̀ gùn, ó sì rọrùn láti gbàgbé. Sípánà 12 àti 14 ló máa tú alternator. Nígbà tí ẹ bá ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí họ́ọ̀sì tó wọ inú irin kékeré kan tí nọ́ọ̀tì 10 méjì dè mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Ẹ tú méjèèjì. Omi tó kù á dà, kí bàsíà wà ní ìtòsí. Tẹ́mọ́sítáàtì á yọjú sí yín nínú ihò rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe jókòó kí ẹ tó fà á yọ: apá tí sípíríìnì wà ló kọjú sínú ẹ́ńjìnì. Lára etí rẹ̀, píìnì tíntín kan wà tó ń mì jìgìjìgì bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n. Òkè gangan ni píìnì yẹn gbọ́dọ̀ wà nígbà tí ẹ bá ń gbé tuntun sí i, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó bá há sínú omi máa gbà jáde. Ẹ fi àkísà nu ojú irin méjèèjì mọ́ tónítóní. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù gásíkẹ́ẹ̀tì sí i rárá. Rọ́bà yẹn ti tó, gọ́ọ̀mù tó bá sì já sínú omi á lọ dí ihò redíétọ̀. Ẹ dè é padà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, kí ẹ máa yí nọ́ọ̀tì kan díẹ̀, kí ẹ yí èkejì díẹ̀. Àlúmíníọ́mù ni ẹ́ńjìnì yìí, bí ẹ bá fi ipá dè é, bóòtì á já mọ́ ọn.

Èyí tí mo yọ kúrò nínú mọ́tò mi, ìpẹtà pupa ti bò ó. Mo sọ ọ́ sínú ìkòkò kan náà. Kí omi tó gbóná, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Nígbà tí omi ń hó, bó ṣe là náà nìyẹn. Omi ló bà á jẹ́. A máa ń bu omi kàǹga, omi bọ́hóòlù àti píọ́ wọ́tà sínú redíétọ̀ bí ẹni ń bu omi sínú àmù, àwọn ohun ilẹ̀ tó wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ irin, á bí ìpẹtà, ìpẹtà á sì há sí ojú sípíríìnì. Kúlánǹtì ni kí ẹ rà. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọn ò tíì lú, ẹ fi omi tí wọ́n sè, tí wọ́n sì kó oru rẹ̀ jọ, lú u ní ìdajì-ìdajì, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ike fún bátìrì. Ẹ ka ara ike náà dáadáa, kó má lọ jẹ́ ásíìdì. Kúlánǹtì tí ẹ bá tú jáde, ẹ má dà á sí gọ́tà. Adùn wà lẹ́nu rẹ̀, májèlé sì ni. Ajá àti ewúrẹ́ á lá a, ọmọdé náà lè tọ́ ọ wò. Ẹ dé e mọ́ inú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí wọn.

Bí ẹ bá ti to gbogbo rẹ̀ padà, tí ẹ sì ti so orí bátìrì, ẹ fi àrọ máa da kúlánǹtì sínú redíétọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fún họ́ọ̀sì òkè mọ́ ọwọ́ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ ṣáná sí i láì tíì dé e, kí ẹ yí hítà inú mọ́tò sí ibi tó gbóná jù, kí omi lè dé ibẹ̀ náà. Ẹ máa wo ẹnu redíétọ̀ láti ọ̀ọ́kán. Ìfóòfó á máa yọ, omi á máa wálẹ̀, ẹ máa fi kún un. Bó bá yá, họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ tó ti tutù látàárọ̀ á gbóná lẹ́ẹ̀kan náà: tẹ́mọ́sítáàtì yín ti ṣí nìyẹn. Bí ìfóòfó bá ti dáwọ́ dúró, ẹ dé e, kí ẹ dúró kí fáànù fúnra rẹ̀ gbéra, kó sì kú. Ẹ bẹ abẹ́ rẹ̀ wò bóyá ó ń jò.

Lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tó ṣáná, ẹ wo ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: ó yẹ kó wà láàárín LOW àti FULL. Bó bá ti wálẹ̀ díẹ̀, afẹ́fẹ́ tó kù ló jáde, ẹ fi kún un. Láti ọjọ́ náà lọ, ọwọ́ géèjì á máa gòkè dé ibi kan náà lójoojúmọ́, á sì dúró síbẹ̀, ì báà jẹ́ inú gósílóò, ì báà jẹ́ orí eré. Bí mọ́tò náà bá sì wọ wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù fún iṣẹ́ mìíràn, ẹ sọ fún mẹkáníìkì kó tó ṣí bóńẹ́ẹ̀tì pé tẹ́mọ́sítáàtì wà níbẹ̀, pé tuntun ni, pé ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí ó bá ní ìlú oyìnbó ni wọ́n ṣe é fún, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá ìkòkò omi kan ka iná.